Ibo Ni Kí A Ti Bẹ̀rẹ̀? Ètò Ìwò àti Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn nínú Ọ̀wọ́ Ánímè Gundam

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àfiwé ọgbọ́n ìsọ̀tàn nínú ìtàn àròsọ Yorùbá àti nínú ánímè, ìyẹn eré àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń yà fún amóhùnmáwòrán àti sinimá. Ọ̀wọ́ Gundam ni ó mú. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo dá a lóhùn láìfara balẹ̀ rò ó pé kí ó to gbogbo rẹ̀ bí ọdún ṣe tẹ̀ léra nínú ìtàn náà, kí ó sì máa wò ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe bí mo ṣe wí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó gbé orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé eré àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà, èyí tí ó jáde ní ọdún 1979, kò ní ìfọkànsókè rárá, pé àṣírí tí ó ń fi pamọ́ kì í ṣe àṣírí, àti pé àwọn tó hun ìtàn náà pọ̀ kò mọ iṣẹ́.

Mo ka orí náà tán, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àṣírí tí ó ní kì í ṣe àṣírí yẹn, ètò tí mo fún un ló ti tú u kí ó tó débẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mọ ohun kan kò lè sọ ọ́ di àìmọ̀ mọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe rí i pé ó yẹ kí a fi ojú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ wo ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lásán. Bí ìtàn kan bá ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu sísọ, tí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, tí apá tó jáde gbẹ̀yìn sì lè jẹ́ apá tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ọ̀nà wo ni kí ẹni tuntun gbà wọ inú rẹ̀?

Mobile Suit Gundam bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ní Jàpáànù ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1979, ó sì parí ní ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1980. Tomino Yoshiyuki ni olùdarí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Nippon Sunrise ló sì ṣe é. Apá 52 ni wọ́n pète, ṣùgbọ́n àwọn olùwòran kò pọ̀ tó bí àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ṣe fẹ́, wọ́n sì gé e kúrú sí apá 43. Ìgbà tí ó parí tán ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Wọ́n tún un gbé sáfẹ́fẹ́. Ilé-iṣẹ́ Bandai bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ní ọdún 1980 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré oníke tí a ń tò pọ̀ fúnra ẹni. Wọ́n sì sọ eré náà di fíìmù mẹ́ta fún sinimá láàárín ọdún 1981 sí 1982.

Nínú ìtàn náà, àwọn ènìyàn ti pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ ayé lè gbà lọ, a sì ti kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sínú àwọn ìlú àtọwọ́dá tí a kọ́ sí òfuurufú. Kàlẹ́ńdà tuntun ni wọ́n ń lò, Universal Century, tí a ó máa pè ní U.C. Ní U.C. 0079, ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, Zeon, gbógun ti ìjọba ilẹ̀ ayé láti gba òmìnira. Kò pẹ́ rárá tí ìdajì ọmọ ènìyàn fi kú. Àwọn jagunjagun ń wọ inú ẹ̀rọ ràbàtà onírìísí ènìyàn lọ jà. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni Gundam, ọmọ ọdún 15 kan, Amuro Ray, ló sì ń darí rẹ̀. Ẹni tó ń lépa rẹ̀ ni Char Aznable, ọ̀gágun Zeon kan tí kì í sábà bọ́ ìbòjú kúrò lójú, tí a sì fi ọ̀dà pupa kun ẹ̀rọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀wọ́ yìí ti ń gbòòrò sí i. Bí a bá tò ó bí wọ́n ṣe gbé e jáde, èyí tí a ó pè ní ètò ìjáde, ohun tó tẹ̀ lé eré ti 1979 ni Zeta Gundam (1985), ZZ (1986), fíìmù Char's Counterattack (1988), War in the Pocket (1989), F91 (1991), Stardust Memory (1991), Victory (1993), The 08th MS Team (1996), Unicorn (2010), The Origin (2015) àti Hathaway (2021), láì ka àwọn kéékèèké. Bí a bá sì tò ó bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra, ìyẹn ètò ìṣẹ̀lẹ̀, The Origin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde gbẹ̀yìn ni yóò bọ́ síwájú gbogbo wọn, nítorí pé U.C. 0068 ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀. The 08th MS Team àti War in the Pocket yóò há sí inú eré ti 1979. Stardust Memory (0083) yóò bọ́ sáàárín rẹ̀ àti Zeta (0087). Unicorn (0096) àti Hathaway (0105) yóò ṣáájú F91 (0123) àti Victory (0153). Ètò kejì yìí ni mo fi lé akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Char, nítorí pé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún rí. (Ẹni tí kò bá tíì wo eré yìí, kí ó forí jì mí; kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa ìbòjú láìṣí i.) Ní apá kejì eré ti 1979, Char pàdé ọmọbìnrin kan, Sayla. Ojú rẹ̀ rán an létí ọmọ kan tó mọ̀ rí, òun pẹ̀lú sì dá nǹkan kan mọ̀ lára Char. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún olùwòran. Ní apá kẹwàá, Char tan Garma Zabi, ọmọ olórí Zeon, ẹni tó ń pè é ní ọ̀rẹ́, sínú ikú. Bí Garma ṣe ń ṣègbé lọ ni Char ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní kí ó bínú sí irú ìdílé tí a bí i sí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Olùwòran ọdún 1979 kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gágun Zeon ni Char. Èéṣe tó fi pa ọmọ ọba tirẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbọ́ pé Casval ni orúkọ rẹ̀ gan-an, pé òun ni ọmọ Zeon Deikun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà, pé ó gbà pé ìdílé Zabi ló pa bàbá òun, àti pé Sayla ni àbúrò rẹ̀. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn eré náà gbára lé pé kí a kọ́kọ́ rí ìwà, kí a tó gbọ́ ìdí.

The Origin kò fi nǹkan kan pamọ́. Àkọlé apá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Blue-Eyed Casval. Orúkọ tí eré ti 1979 kò sọ fún wa wéré, òun ni ó kọ sí ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe àìgbọ́n ló fà á. Yasuhiko Yoshikazu, ẹni tó gbé ìrísí àwọn ẹ̀dá ìtàn kalẹ̀ ní 1979, ló kọ ìwé alávòrán tí wọ́n gbé The Origin kà, ó sì ń bá àwọn tó ti mọ Char tipẹ́tipẹ́ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe "Ta ni ọkùnrin yìí?" bí kò ṣe "Báwo ni ó ṣe di ẹni tí a mọ̀ yìí?" Ìbéèrè kejì kò lè jẹ ẹni tí kò tíì béèrè àkọ́kọ́ lógún. Níbi tí mo ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́nà gan-an nìyí. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ṣùgbọ́n tí a sọ lẹ́yìn kì í ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn tí a ti sọ ṣáájú rẹ̀. Èsì ni ó jẹ́ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlejò ni èrò yìí lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, Àkàrà-Ògùn sì ni akọni rẹ̀. Igbó Olódùmarè tó jáde ní ọdún 1949 ló wá sọ ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn. Bàbá ló ṣáájú ọmọ, ṣùgbọ́n ìwé ọmọ ló ṣáájú ìwé bàbá. Mi ò tíì rí olùkọ́ kan tó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka ti bàbá nítorí pé ìgbà tirẹ̀ ló ṣáájú. Ẹni tó ka ti ọmọ ti bá Àkàrà-Ògùn rìn, ó ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìgbà tí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ Olówó-Ayé, ojú ẹni tó mọ ọmọ ni yóò fi máa wo bàbá. Ohun tí mo ń kọ́ni nínú kíláàsì lórí Fágúnwà ni mo gbàgbé ní ọ̀dọ̀ Tomino.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí mo ṣàlàyé yìí fún un, àwíjàre rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní nínú The Origin òun ti rí Char àti Garma ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun, níbi tí ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun dé apá kẹwàá eré ti 1979, kì í ṣe pé òun ń wá ìdí. Òun ń wo ẹni tó ń rìn lọ síbi ikú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun kò sì lè pariwo sí i. Mo gbà pé ìrora yẹn ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n eré mìíràn ni òun wò. Ẹni tó fẹ́ wọn ìfọkànsókè eré ti 1979 kò lè fi ìwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́.

Bí a bá tẹ̀ lé ètò ìjáde dé Zeta Gundam, a ó rí bí eré kan ṣe lè fi ìmọ̀ tí olùwòran ti ní ṣe iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúdú, Quattro Bajeena, wà nínú ẹ̀rọ pupa kan. Kò sí ẹni tó sọ ẹni tó jẹ́. Kò pọn dandan. Ikeda Shuichi tó sọ̀rọ̀ fún Char ní 1979 náà ló ń sọ̀rọ̀ fún un, àwọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì yí padà. Olùwòran mọ̀ ọ́n kí àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Zeta yóò kàn rí ọ̀gágun kan tó wọ awò. Bákan náà ni Full Frontal inú Unicorn, tí òun náà wọ ìbòjú, tí Ikeda sì tún sọ̀rọ̀ fún: ìbẹ̀rù tí ó ń dá sílẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀ fún ẹni tí kò rí ohun tí Char gbìyànjú láti ṣe sí ilẹ̀ ayé nínú Char's Counterattack.

War in the Pocket ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀wọ́ náà, n kò sì fi bò. Apá mẹ́fà péré ni. Ọmọ ilé-ìwé kan, Al, tó ń gbé ní ìlú tí kò dá sí ogun, ni ó gbé e ró. Ogun àti ẹ̀rọ ogun dùn mọ́ ọmọ yìí. Ó pàdé ọ̀dọ́mọdé ọmọ ogun Zeon kan, Bernie, ó sì rò pé eré ni. Ẹ rántí pé nígbà tí èyí jáde ní ọdún 1989, Gundam ti di ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń tò pọ̀ ní yàrá wọn. Olùwòran tó ti fẹ́ràn ẹ̀rọ wọ̀nyí fún ọdún mẹ́wàá ni Al, eré náà sì ń bi í léèrè ohun tó ń fẹ́ràn. Ètò ìṣẹ̀lẹ̀ ní kí a dá eré ti 1979 dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kí a lọ wo èyí, kí a sì padà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ba méjèèjì jẹ́: ti 1979 pàdánù ìyára ìparí rẹ̀, èyí sì di ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá ogun ńlá.

A lè fi àpẹẹrẹ kan láti ìta Gundam ti èyí lẹ́yìn, nítorí pé àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló tò ó lọ́nà méjì. Ní ọdún 2006, Kyoto Animation gbé The Melancholy of Haruhi Suzumiya sáfẹ́fẹ́ ní apá 14, wọ́n sì da ètò ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ rú pátápátá. Fíìmù àfọwọ́rọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ìtàn náà ṣe ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tí wọ́n bá ń polówó apá tó kàn, Haruhi a sọ nọ́ńbà tó jẹ́ nínú ètò ìṣẹ̀lẹ̀, Kyon a sì tako o pẹ̀lú nọ́ńbà tó jẹ́ nínú ètò ìgbésáfẹ́fẹ́. Ní ọdún 2009, wọ́n tún un gbé jáde pẹ̀lú apá 14 mìíràn, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ ṣóńṣó ìtàn náà, tí ó wà ní ìparí ní 2006, bọ́ sí apá kẹfà. Ohun tó wá kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ní òkè tí yóò gùn mọ́. Èyí fi hàn pé ètò ìṣẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni kò dá. Òun náà jẹ́ àhunpọ̀ ìtàn kan láàárín ọ̀pọ̀, kì í sì í ṣe èyí tó dára jù nígbà gbogbo.

Síbẹ̀, ètò ìjáde kì í ṣe òfin tí a kò lè yẹ̀. Eré ti 1979 gùn, ìyàwòrán rẹ̀ ti gbó, àwọn apá kan sì wà níbẹ̀ tí kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Àwọn fíìmù mẹ́ta ti 1981 sí 1982 kó gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí méje, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀kẹta yà. Ẹni tí àkókò há fún lè gba ibẹ̀. Ohun tí yóò pàdánù ni ìdákẹ́jẹ́ àwọn apá bíi ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí ọmọ ogun Zeon kan ti fi ogun sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Yasuhiko ka ìtàn yẹn sí débi pé ó sọ ọ́ di fíìmù odindi ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Zeta. Àwọn fíìmù mẹ́ta tí Tomino fi tún un ṣe ní ọdún 2005 sí 2006 yí ìparí rẹ̀ padà, ZZ kò sì lè tẹ̀ lé ìparí tuntun yẹn láìtako ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ZZ, apá 50 ti 1985 ni kí ó wò.

Àwọn eré mìíràn wà nínú ọ̀wọ́ náà tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà U.C. rárá. Gundam Wing (1995) tó gbé orúkọ Gundam dé etí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, Gundam SEED (2002), Iron-Blooded Orphans (2015) àti The Witch from Mercury (2022) ní ayé tiwọn; a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibikíbi nínú wọn láìṣẹ̀ sí ìtàn kankan. Méjì péré ni mo fẹ́ yọ sọ́tọ̀. Turn A Gundam (1999), tí Tomino darí, gbé ìtàn rẹ̀ sí ọjọ́ iwájú tó jìnnà débi pé gbogbo Gundam tó ṣáájú rẹ̀ ti di àtijọ́ tí a rì mọ́lẹ̀, kí ó tó hú u jáde. Ẹni tí kò bá ní àtijọ́ kankan lọ́kàn, kí ni yóò rí nígbà tí a bá hú u? GQuuuuuuX (2025) ní tirẹ̀ padà sí U.C. 0079, ó sì béèrè ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní Char ló jí Gundam gbé lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ń fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó tuntun, àwòrán rẹ̀ sì dán. Ìyàtọ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀, ìyàtọ̀ kò sì sí fún ẹni tí kò mọ ohun tí a yàtọ̀ sí.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá bi mí, eré ti 1979 tàbí àwọn fíìmù mẹ́ta rẹ̀ ni mo máa ní kí ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Zeta ti amóhùnmáwòrán, ZZ bí ó bá ní sùúrù, àti Char's Counterattack. Ibẹ̀ ni ìtàn Amuro àti Char parí sí. Lẹ́yìn rẹ̀, War in the Pocket, Unicorn, àti The Origin, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣe fẹ́.

Èyí kò tún ti akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe. Kò lè wo eré náà bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà àbáyọ: ó ní àbúrò kan ní ilé-ìwé girama tí kò gbọ́ nǹkan kan rí nípa Gundam. Ó jókòó tì í, wọ́n ń wò ó ní apá méjì méjì ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń kọ gbogbo ìbéèrè tí ọmọ náà bá béèrè sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà apá tí ó ti béèrè rẹ̀. Ó fi ìwé náà hàn mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní apá kejì: "Ṣé wọ́n mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ ni?" Ní apá kẹwàá: "Kí ni Garma fi ṣe é?" Orí kejì ti di àtúnkọ báyìí, àwọn ìbéèrè yẹn ni ó sì fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ti dé apá 31.